Pátì Olówó Pọ́ọ́kú àti Pátì Olówó Gọbọi: Bí A Ṣe Ń Yan Èyí Tó Yẹ Ọkọ̀

Ẹni tó bá dé ọjà Ládípọ̀ ní Mushin, tàbí Àràròmí ní Gate n'Ìbàdàn, tó ní òun fẹ́ ra pádì bíréèkì iwájú fún Toyota Corolla, ìbéèrè ni wọn yóò kọ́kọ́ fi dá a lóhùn: "Ọ̀gá, irú èwo lẹ fẹ́?" Ṣọ́ọ̀bù kan náà lè gbé oríṣi mẹ́rin kalẹ̀, kí owó èyí tó wọ́n jù nínú wọn sì tó ìlọ́po márùn-ún èyí tó rọjú jù. Gbogbo wọn ló máa wọ Corolla yẹn. Gbogbo wọn ló máa dá ọkọ̀ dúró lọ́jọ́ tí mekáníìkì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dè wọ́n. Ìyàtọ̀ wọn ṣì kù níwájú: lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, tàbí lọ́jọ́ tí ọkọ̀ tó kún fún èrò àti ẹrù bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, tí awakọ̀ ń tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀kẹrin láàárín ìṣẹ́jú kan.

Àwọn kan á ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á, nítorí náà kí èèyàn máa ra èyí tó wọ́n. Àwọn mìíràn á ní ọ̀kan náà ni gbogbo wọn, orúkọ lásán là ń sanwó fún. N kò fara mọ́ ti ìṣáájú, n kò sì fara mọ́ ti ìkejì. Nínú ọjà tiwa, owó gọbọi kì í ṣe ẹ̀rí pé ojúlówó ló wà nínú páálí. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ẹ̀yà wà lára ọkọ̀ tí èèyàn lè máa ra olówó pọ́ọ́kú wọn títí ayé láìsí ewu kankan. Iṣẹ́ tí ẹ̀yà náà ń ṣe ló yẹ kó pinnu. Bó bá kú lójijì, ta ni tàbí kí ni yóò bá a lọ? Kí mekáníìkì tó lè débi tó wà, kí ni yóò kọ́kọ́ tú sílẹ̀? Ẹni tó bá ti dáhùn méjèèjì ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọjà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń tà fún wa. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ kì í fúnra rẹ̀ ṣe gbogbo ẹ̀yà inú ọkọ̀. Denso ló ń ṣe ọ̀pọ̀ pílọ́ọ̀gì, kọ́ìlì àti sẹ́ńsọ̀ tó ń wọ inú ọkọ̀ Toyota. Ẹ̀ka kan lábẹ́ Toyota ni ilé-iṣẹ́ yìí tẹ́lẹ̀ kó tó dá dúró ní 1949. Aisin ń ṣe gíà àti pọ́ǹpù omi, KYB ń ṣe ṣọ́ọ̀kì, Akebono ń ṣe pádì bíréèkì, Koyo ń ṣe bẹ́árìn. Nítorí náà, pílọ́ọ̀gì méjì lè jáde láti fakitirì kan náà, kí wọ́n fi ọ̀kan sínú páálí tó ní orúkọ Toyota, kí wọ́n fi èkejì sínú páálí tó ní orúkọ Denso nìkan. Èyí tí kò ní orúkọ Toyota sábà máa ń rọjú jù, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n sì ń ṣe. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n fún òun ní ìmọ̀ràn kan ṣoṣo lórí ọ̀rọ̀ pátì, ohun tí màá sọ nìyí: ẹ wá orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀yà tó bá ọkọ̀ yín jáde, kí ẹ ra ti ilé-iṣẹ́ náà. Orúkọ ọ̀hún kò jìnnà. Ó sábà máa ń wà lára ẹ̀yà àtijọ́ tí mekáníìkì ṣẹ̀ṣẹ̀ tú. Ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó jù ú sínú gọ̀tà, ẹ nù ún, ẹ ka ohun tó wà lára rẹ̀.

Lẹ́yìn àwọn wọ̀nyí ni àwọn ilé-iṣẹ́ tó lórúkọ, tí wọ́n ń ṣe ẹ̀yà fún oríṣiríṣi ọkọ̀ bí wọn ò tiẹ̀ bá ẹni tó ṣe ọkọ̀ náà ní àdéhùn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn dára gan-an. Lẹ́yìn tiwọn ni àwọn tí kò lórúkọ rárá, tàbí tí orúkọ wọn ń yí padà bí kọ̀nténà ṣe ń wọlé. Tòkunbọ̀ náà wà, èyí tí àwọn ará ọjà ń pè ní "Belgium", ì báà jẹ́ Japan tàbí Amẹ́ríkà ló ti wá. Èyí tó kù ni ayédèrú: pátì tí kò lórúkọ tí wọ́n fi sínú páálí ẹni tó lórúkọ. Àwọn oríṣi yòókù ń sọ ohun tí wọ́n jẹ́ fún yín. Ayédèrú nìkan ló ń parọ́, owó ojúlówó ló sì ń gbà.

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí "China" tí a fi ń pe gbogbo ohun tí kò lálòpẹ́. Òótọ́ tó wà nínú rẹ̀ kò pé. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tí gbogbo ayé mọ̀ ní fakitirì ní China, pátì tó ń jáde níbẹ̀ sì ń wọ inú ọkọ̀ tuntun lójoojúmọ́. Fakitirì mìíràn wà ní ilẹ̀ kan náà tó ń ṣe ọjà dé ibi tí owó oníbàárà bá gbé e dé. Bí oníṣòwò bá ní òun fẹ́ èyí tó rọjú jù, wọn yóò fi irin tó fúyẹ́, rọ́bà tí kò lágbára àti gírísì kékeré ṣe é fún un. Ẹni tó ra ọjà náà wọlé wá fún wa ló mú ìpele yẹn. Orílẹ̀-èdè tí wọ́n kọ sára páálí kò lè sọ ìyẹn fún yín.

Bíréèkì ni mo fẹ́ kí a fi bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹ̀mí wà nídìí rẹ̀. Bí ẹ bá tẹ bíréèkì, pádì méjì á fún dísìkì irin mọ́ àárín, eré ọkọ̀ á sì di ooru. Ooru náà kì í ṣe kékeré. Ọkọ̀ tó wúwo tó kìlógíráàmù 1,300, tó ń sá kìlómítà 100 ní wákàtí kan, bí awakọ̀ rẹ̀ bá dá a dúró pátápátá, ooru tó jáde tó láti mú kí omi lítà kan àbọ̀ hó. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún ni gbogbo rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀, pádì àti dísìkì iwájú ló sì ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ohun tó ń fún dísìkì mọ́ra lára pádì yìí kì í ṣe irin lásán. Àdàlù ni: okùn tín-ín-rín, lẹ́búlẹ́bú irin, gíráfáìtì àti àwọn nǹkan mìíràn, tí wọ́n fi oje kan so pọ̀, tí wọ́n tẹ̀ mọ́ awo irin, tí wọ́n sì yan nínú iná. Oje yẹn ni ibi tí àwọn tó ń ṣe olówó pọ́ọ́kú ti ń dín owó kù, òun náà ló sì ń kọ́kọ́ jáni kulẹ̀. Bí ooru bá ti kọjá agbára rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í tú gáàsì jáde sáàárín pádì àti dísìkì, pádì kò ní lè di dísìkì mú mọ́. Ẹsẹ̀ awakọ̀ wà lórí bíréèkì, ọkọ̀ ṣì ń lọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí wọ́n bá ní bíréèkì fèélì lórí òkè, páìpù kò bẹ́, ọ́ìlì kò dà. Pádì ló gbóná ju ohun tí wọ́n fi ṣe é lọ. Bí ó bá tutù tán, bíréèkì á tún mú, ẹni tó bá wá yẹ̀ ẹ́ wò kò sì ní rí nǹkan kan.

Àmì kan wà tó lè ràn yín lọ́wọ́. Ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀pọ̀ pádì ni wọ́n ti máa ń kọ lẹ́tà méjì sẹ́yìn àwọn nọ́ńbà: EE, FE, FF, GG. Ìlànà SAE J866 ti àwọn ẹnjiníà Amẹ́ríkà ni. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ń sọ bí pádì ṣe ń di dísìkì mú nígbà tí ooru kò tíì pọ̀. Ìkejì ń sọ bó ṣe ń ṣe nígbà tí ó bá gbóná gan-an. E dúró fún ìdìmú láti 0.25 sí 0.35, F láti 0.35 sí 0.45, G láti 0.45 sí 0.55. Pádì FF kò yí padà nígbà tó gbóná. Pádì FE ti ń dẹ̀ nígbà tí ẹ nílò rẹ̀ jù. Lẹ́tà yìí kò sọ bí pádì yóò ṣe pẹ́ tó, ẹni tó ń ṣe ayédèrú náà sì lè tẹ̀ ẹ́ sára tirẹ̀, nítorí náà ẹ má fi ṣe ẹ̀rí kan ṣoṣo. Bí pádì náà bá wá láti Yúróòpù, ẹ wá lẹ́tà E àti nọ́ńbà nínú òrùka kékeré lẹ́yìn awo irin rẹ̀, pẹ̀lú 90R tàbí R90 nítòsí. E1 ni Jámánì, E4 ni Netherlands, E11 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àmì yìí ń sọ pé wọ́n ti dán pádì náà wò ní ẹ̀gbẹ́ èyí tó bá ọkọ̀ jáde, agbára rẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí tirẹ̀ ju ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ.

Ẹ tún wo ibi tí àdàlù yẹn ti lẹ̀ mọ́ awo irin. Bí ẹ bá rí àlàfo, tàbí tí eékánná yín lè wọ ibẹ̀, ẹ dá a padà. Àdàlù tó bá ṣí kúrò lára awo lójú ọ̀nà kò fi nǹkan kan sílẹ̀ bí kò ṣe irin tó ń ha irin. Pádì tó le jù náà kò dára: á máa han, á sì máa jẹ dísìkì, dísìkì sì wọ́n ju pádì lọ. Ní ti bíréèkì, mi ò mọ ìdí kankan tó fi yẹ kí èèyàn ra èyí tí kò lórúkọ. Bí owó kò bá tó, ẹ jẹ́ kí redíò dúró, kí ẹ jẹ́ kí kíkun ọkọ̀ dúró. Bọ́ọ̀lù jọ́ìntì àti tairọ́ọ̀dù wà lábẹ́ òfin kan náà, torí pé àwọn ló so táyà iwájú mọ́ ọkọ̀. Rọ́bà tó bo bọ́ọ̀lù jọ́ìntì olówó pọ́ọ́kú kì í pẹ́ ya, omi àgbàrá àti iyanrìn á wọlé, gírísì á ṣàn lọ, bọ́ọ̀lù á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ihò tó wà nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá bọ́, táyà á wó sábẹ́ ọkọ̀.

Ní ti pílọ́ọ̀gì, ayédèrú gbilẹ̀ níbẹ̀ gan-an, ó sì fi hàn kedere pé wíwọ́n kì í ṣe dídára. Pílọ́ọ̀gì oníníkẹ́lì ni ti àtijọ́. Ti ìsinsìnyí tó wọ́n ni èyí tí wọ́n fi irídíọ̀mù ṣe orí rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ tó ìwọ̀n ooru bíi 2,446°C kí irídíọ̀mù tó yọ́, nígbà tí níkẹ́lì ń yọ́ ní 1,455°C. Nítorí èyí ni wọ́n fi lè jẹ́ kí orí irídíọ̀mù tín-ín-rín gan-an láìjẹ́ pé iná jẹ ẹ́ tán. Ti Denso Iridium Power jẹ́ mìlímítà 0.4 péré. Orí tó tín-ín-rín ń ta iná pẹ̀lú agbára díẹ̀, iṣẹ́ kọ́ìlì á sì rọrùn. Lórí Corolla tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà láti bí ọdún 2009, máìlì 120,000 ni ìwé Toyota ní kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀, èyí tó ju kìlómítà 190,000 lọ.

Ohun tí ayédèrú ń ṣe ni pé wọ́n á fi níkẹ́lì lásán ṣe orí rẹ̀, wọ́n á tẹ "Iridium" sára rẹ̀, wọ́n á sì tà á ní owó irídíọ̀mù. Nínú oṣù díẹ̀ orí rẹ̀ á ti jẹ, ọkọ̀ á máa gbọ̀n nígbà tó bá dúró, epo á máa lọ. Epo tí kò jóná á bá èéfín jáde lọ sínú kátálíìsì, á máa jóná níbẹ̀, á sì ba á jẹ́ (fún àwọn tí wọn kò tíì gé kátálíìsì ọkọ̀ wọn tà, òwò tó ń dùn mí gidigidi pé ó ti di nǹkan lásán láàárín wa). Ẹ wo orí pílọ́ọ̀gì kí ẹ tó sanwó. Ti ojúlówó rí bí ṣóńṣó abẹ́rẹ́, ó sì dúró gangan lábẹ́ irin tó tẹ̀ lé e lórí. Bí orí rẹ̀ bá nípọn, tàbí tí irin òkè yẹn wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Bí ọkàn yín kò bá balẹ̀ lórí irídíọ̀mù tí wọ́n gbé síwájú yín, bí ẹ̀yà oníníkẹ́lì tí Denso tàbí NGK ṣe bá wà tó bá ẹ́ńjìnì yín mu, ẹ rà á. Kò wọ́n, ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ni ó jẹ́, ẹ kàn máa tètè pààrọ̀ rẹ̀ ni. Ó sàn ju irídíọ̀mù irọ́ lọ ní ìlọ́po ìlọ́po.

Kọ́ìlì tẹ̀ lé e. Nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń gbọ̀n, tí ẹ̀rọ àyẹ̀wò sì gbé P0301 jáde, ohun tó ń sọ ni pé sílíńdà kìíní kò jóná dáadáa. Kí ẹ tó ra nǹkan kan, ẹ ní kí mekáníìkì gbé kọ́ìlì sílíńdà kìíní lọ sí ìkẹta, kó pa kóòdù náà rẹ́, kó sì tún tan ọkọ̀. Bí ó bá gbé P0303 jáde, kọ́ìlì yẹn ló kú. Bí P0301 bá ṣì ni, kọ́ìlì kò mọ nǹkan kan, pílọ́ọ̀gì tàbí ìnjẹ́ńtọ̀ ló yẹ kí ẹ wò. Ìdánwò yìí kò gba ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, ó sì ń gba ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ ríra kọ́ìlì mẹ́rin nígbà tí ẹyọ kan ló kú. Bí ẹ bá wá fẹ́ ra ọ̀kan, kọ́ìlì Denso tòkunbọ̀ tí wọ́n dán wò lójú yín sàn ju tuntun tí kò lórúkọ lọ.

Ẹ̀yà kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í kà sí: ìdérí rédíétọ̀. Ojú ìdérí ìkòkò lásán ni wọ́n fi ń wò ó, bẹ́ẹ̀ òun ló ń di afẹ́fẹ́ mọ́ inú rédíétọ̀. Lórí ọ̀pọ̀ Toyota, ẹ máa rí 1.1 tàbí 108 lára rẹ̀. Agbára afẹ́fẹ́ tó ń dì mọ́nú nìyẹn. Pẹ̀lú agbára yẹn, omi inú rédíétọ̀ kò ní hó títí á fi tó bíi 120°C. Bí sípíríǹgì inú ìdérí náà bá rọ̀, omi á padà sí híhó ní 100°C. Nínú gosiló, lójú oòrùn, pẹ̀lú éésì tó ń ṣiṣẹ́, ẹ́ńjìnì kì í pẹ́ débẹ̀. Omi á máa tú jáde díẹ̀díẹ̀, ẹ́ńjìnì á gbóná jù, gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnì á jó. Iye tí ìdérí ojúlówó fi wọ́n ju ayédèrú lọ kò tó owó tí ẹ máa fi ra epo ní ọ̀sẹ̀ kan. Gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnì lè gba owó oṣù. Bákan náà ni tamósítáàtì, èyí tí ọ̀pọ̀ mekáníìkì wa máa ń yọ dànù "kí ẹ́ńjìnì má bàa gbóná". Ẹ́ńjìnì tí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú rẹ̀ kì í tètè dé ìwọ̀n ooru tí wọ́n ṣe é fún, á sì máa jẹ epo. Ẹ ra ojúlówó, ẹ dá a padà síbẹ̀.

Ọ́ìlì fílítà náà kò yẹ kó di àríyànjiyàn. Nínú fílítà tó dára, rọ́bà kan wà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì ṣàn padà sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá pa ọkọ̀. Rọ́bà inú olówó pọ́ọ́kú máa ń gan nítorí ooru. Ariwo irin tí ẹ ń gbọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ láàárọ̀ nígbà tí ẹ bá tan ọkọ̀ lè jẹ́ ti ẹ́ńjìnì tí ọ́ìlì kò tíì dé òkè rẹ̀.

Ìbéèrè kejì ni ti iṣẹ́ tó wà lórí ẹ̀yà náà. Àwọn ẹ̀yà kan wà tí owó wọn kéré, tó jẹ́ pé odindi gíà ni wọ́n máa sọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wọn: síìlì ẹ̀yìn ẹ́ńjìnì, bẹ́árìn kílọ́ọ̀ṣì. Ibẹ̀ kì í ṣe ibi tí èèyàn ti ń ṣọ́wó ná. Tamíǹgì bẹ́líìtì ló burú jù. Corolla láti bíi 1998 ń lo ṣéènì, nítorí náà ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n Honda Accord V6 àti Pilot ń lo bẹ́líìtì, ìwé Honda sì ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá rìn tó máìlì 105,000, nǹkan bíi kìlómítà 168,000. Nínú ẹ́ńjìnì yẹn, ibi tí písítìnì ń gòkè dé àti ibi tí fáàfù ń sọ̀ kalẹ̀ dé pa pọ̀. Bẹ́líìtì nìkan ni kì í jẹ́ kí wọ́n pàdé. Bó bá já, wọ́n á fọ́ ara wọn. Ẹ ra bẹ́líìtì ojúlówó, ẹ ra tẹ́ńsọ̀nà àti pọ́ǹpù omi mọ́ ọn, nítorí pé wọ́n ti ṣí ibẹ̀ tán, owó iṣẹ́ kan náà ni ẹ sì máa san.

Ní ti búṣì àti ṣọ́ọ̀kì, ìṣirò ló yẹ kó sọ̀rọ̀. Ká ní búṣì kékeré, ìyẹn olówó pọ́ọ́kú, jẹ́ ₦8,000, ti ojúlówó jẹ́ ₦25,000, owó iṣẹ́ jẹ́ ₦10,000, aláìmẹ́ńtì jẹ́ ₦7,000. Bí kékeré bá lo oṣù mẹ́fà, tí ojúlówó lo ọdún méjì, kékeré á ti gba ₦100,000 lọ́wọ́ yín láàárín ọdún méjì, ojúlówó á gba ₦42,000. Bí kékeré bá lè lo ọdún kan, á gba ₦50,000, ìyàtọ̀ náà á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Ẹni tó fẹ́ ta ọkọ̀ rẹ̀ láìpẹ́ lè rà á, kò ṣe nǹkan burúkú. N kò tíì ka ọjọ́ iṣẹ́ tó sọnù mọ́ ọn, tàbí owó tí wọ́n máa fi wọ́ ọkọ̀ tó kú lórí Third Mainland Bridge. Fún àwọn ará wa ní London tàbí Houston, tí mekáníìkì ń gba owó ní wákàtí wákàtí, ìṣirò yìí le jù báyìí lọ: owó iṣẹ́ ni èyí tó pọ̀ jù nínú bíìlì wọn, nítorí náà pátì tí wọ́n á tún padà wá tú kì í ṣe èrè fún wọn rárá.

Tòkunbọ̀ ní ààyè tirẹ̀, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ níbi tó bá ti yẹ. Ilẹ̀kùn, dígí, bọ́ńpà, iná iwájú, ọ́tánétọ̀, kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnì, odindi gíà: nínú àwọn wọ̀nyí, èyí tí wọ́n tú lára ọkọ̀ tó forí sọ nǹkan ní Jámánì máa ń sàn ju tuntun tí kò lórúkọ lọ, nítorí pé ojúlówó ni nígbà tó wà ní tuntun. Ohun tó bá jẹ́ rọ́bà, tó bá ń jẹ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, tàbí tó ní ọjọ́ orí, kí ẹnikẹ́ni má ra tòkunbọ̀ rẹ̀: pádì, bẹ́líìtì, hóòsì, búṣì. Ṣọ́ọ̀kì tòkunbọ̀ wà láàárín. Bí ọ̀pá rẹ̀ bá ń dán, tí ara rẹ̀ gbẹ, tí ẹ tẹ̀ ẹ́ tó ń padà wá wọ́ọ́rọ́wọ́, ó lè lò fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n méjì ni kí ẹ rà, fún ọ̀tún àti òsì.

Táyà ni mo bẹ̀bẹ̀ lé lórí jù. Òfin Nàìjíríà ti ka táyà àlòkù ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sí ọjà tí kò gbọdọ̀ wọlé, síbẹ̀ ó wà ní gbogbo ìkóríta. Ẹ wá DOT lára táyà, nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn ni ọjọ́ ìbí rẹ̀: 2319 ni ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Rọ́bà ń darúgbó bí ẹnikẹ́ni kò tiẹ̀ lò ó, nítorí náà táyà tí òǹtẹ̀ ara rẹ̀ ṣì jinlẹ̀ lè ti gbó nínú. Tuntun tó rọjú, tí wọ́n ṣe lọ́dún tó kọjá, sàn ju orúkọ ńlá tó ti lo ọdún mẹ́jọ ní ilẹ̀ aláyìnyín.

Ibi tí ẹ ti lè fi ọkàn balẹ̀ ra olówó pọ́ọ́kú kò kéré: rọ́bà wáípà, gílóòbù, fílítà éésì, kílíìpù, ọwọ́ ilẹ̀kùn, máàtì, ìdérí táyà. Fílítà afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnì náà lè wọ ibẹ̀ bí etí rẹ̀ bá bá àpótí rẹ̀ mu dáadáa. Bí àlàfo bá wà, eruku ọyẹ́ á gba ẹ̀gbẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnì.

Nígbà tí ẹ bá ń lọ sọ́jà, ẹ má mú orúkọ ọkọ̀ nìkan dání. Ẹ mú nọ́ńbà ṣásì, ẹ wá nọ́ńbà pátì jáde. Lọ́dọ̀ Toyota, 04465 ló bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà pádì iwájú, 04466 ni ti ẹ̀yìn, 90919 ni ti pílọ́ọ̀gì àti kọ́ìlì. Oníṣòwò tó bá rí i pé ẹ mọ nọ́ńbà á yí ohùn padà. Ẹ gbé pátì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí wọ́n tú: ẹ fi ọwọ́ wọn ìwúwo méjèèjì, ẹ wo bí wọ́n ṣe gé irin rẹ̀, ẹ wo bóyá nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa. Páálí rọrùn láti tẹ̀ jáde, wọ́n sì ń ṣa páálí ojúlówó tó ṣófo tà.

Ó ku ti mekáníìkì. Gbogbo wa la mọ̀ pé oníṣòwò máa ń yọ nǹkan fún mekáníìkì tó bá mú oníbàárà wá, àti pé àwọn kan máa ń gba owó ojúlówó, kí wọ́n ra kékeré. Apá kan ẹ̀bi náà wà lọ́wọ́ wa. A máa ń ná owó iṣẹ́ wọn títí tí kò fi ní ku nǹkan kan, ẹni tí a fi ebi pa á sì wá èrè rẹ̀ nínú pátì. Ẹ jọ sọ ọ́ ní gbangba: "Ẹ̀gbọ́n, owó iṣẹ́ yín rèé pé pérépéré, pátì ni a jọ ń lọ rà." Ẹ gba rìsíìtì tó ní orúkọ pátì àti nọ́ńbà rẹ̀, kí ẹ sì béèrè ṣáájú bóyá wọ́n máa gbà á padà, nítorí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kì í gba ohun tó bá jẹ́ ti iná padà. Ohun yòówù kí wọ́n tẹ̀ sísàlẹ̀ rìsíìtì, òfin ààbò oníbàárà ìjọba àpapọ̀ ti 2018 fún yín ní ẹ̀tọ́ láti dá ọjà tó lábùkù padà. Lẹ́yìn rìsíìtì náà, ẹ kọ ọjọ́ tí wọ́n dè é àti iye tí mítà ọkọ̀ kà, kí ẹ lè mọ èyí tó lo ju èkejì lọ nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ ra irú rẹ̀.